Láti Orí Àwo dé Orí Fóònù: Ìtàn "Play" Lẹ́nu Yorùbá

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo, "play", ló dúró fún mímú kí orin tí a ti gbà sílẹ̀ dún. Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀-ìṣe kan tó bá a dọ́gba. Kì í ṣe àìní ló fà á. Iṣẹ́ tí ọwọ́ ń ṣe ni èdè náà ń wò: a ń lu ìlù, a ń fọn fèrè, a ń ta gìtá, a sì ń tẹ dùùrù.

Àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá tí Crowther ṣe jáde ní 1843, ọdún 34 ṣáájú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ Edison. Ọ̀rọ̀ tó ti wà nílẹ̀ ni Yorùbá fi pàdé ẹ̀rọ tuntun. Ní 1922, J. J. Ransome-Kuti kọ orin Yorùbá tó lé ní 40 sínú àwo Zonophone ní Lọ́ńdọ̀nù. Orí gírámáfóònù ni wọ́n ń gbé irú àwo bẹ́ẹ̀ lé. "Fi àwo sí i" sì ni ìpè rẹ̀. Nígbà tí Rediffusion dé Èkó ní 1935, tí WNTV sì bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1959, kò sí àwo tí olùgbọ́ yóò gbé. Ọ̀rọ̀ fìtílà ló bá a mu: a ń tan rédíò, a sì ń pa á. Kásẹ́ẹ̀tì, tí Philips gbé jáde ní 1963, mú "dá a padà" wá.

Àǹfààní ìpín yìí hàn nínú orin àṣíkò Ìkálẹ̀ tí Comfort Ọmọge kọ sínú àwo. Yálà Àjàgbà ni a ti gbọ́ ọ tàbí Èkó, Comfort Ọmọge ló kọrin. Ẹni tó ni gírámáfóònù kàn fi àwo sí i ni. "Play" pa ìyàtọ̀ yẹn rẹ́, nítorí ọ̀rọ̀ kan náà ni Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún onílù àti fún ẹni tó ni ẹ̀rọ.

Ìdí nìyí tí àwọn tí ń túmọ̀ èdè fóònù fi gbọ́dọ̀ ṣọ́ra. Bí wọ́n bá kọ "ṣeré" sí ara bọ́tìnnì, eré ọmọdé tàbí eré orí ìtàgé ni òǹkàwé yóò rò. "Tẹ̀ ẹ́" ni ọwọ́ ń ṣe lónìí, ọ̀rọ̀ kan náà tí a ń lò fún dùùrù. Bí àyè bá gba ọ̀rọ̀ kan péré, "gbọ́" yẹ ohùn, "wò" sì yẹ àwòrán.