Odò Ògùn àti Owó Bodè Rẹ̀

Bí a bá ń sọ ìtàn Ifọ̀, ojú irin ni a máa ń kọ́kọ́ mẹ́nu bà; bí ó bá sì di ti Mówè àti Ìbàfò, títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ni. Ní 1896 ni a bẹ̀rẹ̀ ojú irin náà. Ó gba Ifọ̀ kọjá, ó sì di ṣíṣí dé Ìbàdàn ní 1901. Títì márosẹ̀ di ṣíṣí ní 1978. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan wà tí ó dàgbà ju méjèèjì lọ, tí ó fi Ifọ̀ sí ìwọ̀-oòrùn, tí ó fi Mówè àti Ìbàfò sí ìlà-oòrùn. Odò Ògùn ni. Gbèsè kan wà nínú ìtàn rẹ̀ tí a kò tíì san, òun ni mo fẹ́ sọ.

Àwọn bàbá wa mọ bí a ti ń díye lé ohun tí ń kọjá. Títí di 1914 tí Ẹ̀gbá pàdánù òmìnira rẹ̀, owó bodè wà lára ohun tí Ìjọba Àpapọ̀ Ẹ̀gbá fi ń gbọ́ bùkátà, nínú rẹ̀ ni wọ́n sì ti ń la ọ̀nà. Ẹni tí ó bá ru ẹrù dé ẹnubodè yóò sanwó. Omi nìkan ni kò san nǹkan kan.

Láti Ìjú ni Èkó ti bẹ̀rẹ̀ sí í mu omi ẹ̀rọ. Nígbà tí ìlú ń gbòòrò, a lọ fa omi Odò Ògùn ní Akútè, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ifọ̀. Ní 1983 a ṣí ìdídò Ọ̀yán lókè odò. Ní 1991 ilé-ẹ̀rọ omi Adíyàn bẹ̀rẹ̀, èyí tí a kọ́ láti pèsè mílíọ̀nù 70 gálọ́ọ̀nù lójúmọ́. A sanwó ẹ̀rọ, a sanwó páìpù. Kò sí ẹni tí ó sanwó fún igi etídò tí ń di ilẹ̀ mú, tàbí àbàtà tí ń gba àgbàrá òjò mọ́ra.

Ohun tí kò níye lórí lọ́jà, olówó rẹ̀ yóò fi ṣe ohun tí ó níye. Nígbà tí títì márosẹ̀ kó àwọn ará Èkó wá, a da yanrìn sí àbàtà, a sì fi kọ́lé. Èmi kò bá àgbẹ̀ tí ó tà á wí: àbàtà kò fún un ní kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí odò bá kún lákòókò òjò, kò rí ibi sinmi mọ́; yàrá ènìyàn ni ó ń wọ̀.

Ní 1997, ìlú New York bá àwọn ará òkè Catskill ṣe àdéhùn: ìlú ń náwó lórí oko àti igbó tí omi rẹ̀ ti ń wá, nítorí ó rọrùn ju kí a kọ́ ilé-ẹ̀rọ asẹ́mi ńlá lọ.

Ẹnìkan lè bi mí pé, ‘Ṣé àwọn alágbára kò ní jẹ owó náà?’ Wọ́n lè jẹ ẹ́, bí a bá san án kí a tó kà. Oníbodè a máa ka ẹrù kí ó tó gbowó. Ẹ jẹ́ kí a máa ka igi, kí a sì wọn àbàtà lọ́dọọdún, kí Èkó tó san fún àwọn tí ń tọ́jú wọn ní ìpínlẹ̀ Ògùn àti Ọ̀yọ́. Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ; ìlú tí ń mu ún kò gbọdọ̀ gbàgbé pẹ̀lú.