Ìwádìí àti ìtọ́jú àrùn wárápá ní ilẹ̀ Yorùbá

Wárápá jẹ́ àrùn ọpọlọ tí ó máa ń kọlu ènìyàn lóòrèkóòrè, láìsí ohun kan pàtó lójú ẹsẹ̀ tí a lè tọ́ka sí pé òun ni ó fà á. Àwọn sẹ́ẹ̀lì inú ọpọlọ máa ń fi iná mànàmáná kékeré ránṣẹ́ sí ara wọn létòlétò. Nígbà tí wárápá bá dé, ọ̀pọ̀ nínú wọn á tan iná náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ní àpọ̀jù. Bí ó bá kan gbogbo ọpọlọ, ẹni náà á ṣubú, ara rẹ̀ á gan, á sì máa gbọ̀n. Bí ó bá jẹ́ apá kan ọpọlọ ni, ó lè jẹ́ ọwọ́ kan ni yóò máa jà, tàbí kí ẹni náà kàn dákẹ́ lójijì, kí ó máa wo ọ̀ọ́kán, kí ó má sì mọ ohun tí à ń bá a sọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ pé irú èyí tí ó kẹ́yìn yìí náà, wárápá ni.

Gẹ́gẹ́ bí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ṣírò rẹ̀, nǹkan bí ènìyàn mílíọ̀nù 50 ni ó ní àrùn yìí káàkiri ayé, tí ìdá tí ó súnmọ́ 80 nínú 100 wọn sì ń gbé ní àwọn orílẹ̀-èdè tí owó kò pọ̀ sí. Àjọ náà sọ pé bí a bá mọ àrùn náà dájú tí a sì tọ́jú rẹ̀ bí ó ti yẹ, ìdá 70 nínú 100 àwọn tí ó ní i lè wà láìsí pé ó tún kọlù wọ́n mọ́. Síbẹ̀, ní àwọn orílẹ̀-èdè tí ó tòṣì jù, ẹni mẹ́ta nínú mẹ́rin ni kò rí ìtọ́jú gbà. Ilẹ̀ Yorùbá wà lára àwọn ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe ìwádìí láti ojúlé dé ojúlé nípa ọ̀rọ̀ yìí ní Áfíríkà.

Ohun tí ó ń fà á

Wárápá kì í ṣe àrùn kan ṣoṣo. Ó lè wá láti inú ìdílé. Ó lè jẹ́ pé ọmọ kò tètè rí atẹ́gùn mí nígbà tí wọ́n ń bí i. Ó lè tẹ̀lé ibà tí ó wọ ọpọlọ, àrùn lọ́rùnlọ́rùn, rọpárọsẹ̀, tàbí ìjàǹbá ọkọ̀ tí ènìyàn ti fi orí gbá nǹkan. Aràn inú ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí a kò sè jinná máa ń bí àwọn ẹyin kan tí ó lè rìn dé ọpọlọ bí wọ́n bá gba ẹnu wọlé, èyí sì wà lára àwọn ohun tí ó ń fa wárápá jùlọ ní àwọn ilẹ̀ olóoru. Ní ọ̀pọ̀ àwọn aláìsàn, a kì í rí ohun tí ó fà á rárá.

Gìrì tí ibà ń fà fún ọmọdé kì í ṣe wárápá. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tí gìrì mú ni kò ní ní wárápá láéláé. Ìdàrúdàpọ̀ láàárín méjèèjì yìí ti ṣe ìpalára fún ọ̀pọ̀ ọmọ, nítorí ohun tí wọ́n máa ń fún wọn mu. Àgbo kan wà tí wọ́n máa ń fi ìtọ̀ màlúù pò, tí wọ́n ń fi ewé tábà, aáyù, àlùbọ́sà, ẹfinrin àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí. Àwọn oníṣègùn ní Yunifásítì Ìbàdàn ṣe àyẹ̀wò àgbo yìí láti àwọn ọdún 1970, wọ́n sì rí i pé ó máa ń mú kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ó máa ń dẹ́kun èémí, oró inú tábà sì lè dá gìrì tuntun sílẹ̀ lára ọmọ tí a fẹ́ fi wo gìrì. Ọmọ tí ibà rẹ̀ ì bá lọ ní ọjọ́ mẹ́ta lè ti ipasẹ̀ àgbo náà ní ọgbẹ́ inú ọpọlọ, kí ọgbẹ́ náà sì wá di wárápá lẹ́yìn ọ̀la. Àwọn kan tún máa ń ti ẹsẹ̀ ọmọ bọ iná kí ó lè jí. Ìjóná ni ó ń gbẹ̀yìn èyí.

Èrò mìíràn tí ó gbilẹ̀ ni pé itọ́ tàbí ìfófòó ẹnu ẹni tí wárápá gbé ṣánlẹ̀ máa ń ran ẹlòmíràn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Wárápá kì í ràn. Ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ yìí ni ó ń mú kí àwọn ènìyàn sá fún ẹni tí ó ṣubú sínú omi tàbí sídìí iná ìdáná, tí ó fi ń kú ikú tí kò yẹ kí ó kú.

Ayétẹ̀ àti Igbó-Ọrà

Ẹni tí orúkọ rẹ̀ hàn jùlọ nínú ìwádìí nípa àrùn ọpọlọ ní Nàìjíríà ni Benjamin Olúwakáyọ̀dé Ọ̀ṣúntòkun (1935–1995), ọmọ Òkèmẹ̀sí ní Èkìtì, tí ó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Ìbàdàn àti oníṣègùn ní ilé ìwòsàn UCH. Kí òun àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, àwọn tí ó bá wá sí ilé ìwòsàn nìkan ni wọ́n máa ń kà. Ẹni tí ó bá wà ní abúlé tí kò wá, kò sí nínú ìwé. Wọ́n wá pinnu láti máa lọ láti ojúlé dé ojúlé, pẹ̀lú ìbéèrè tí gbogbo àwọn olùṣèwádìí yóò béèrè bákan náà, kí dókítà sì tún yẹ ẹni tí ìdáhùn rẹ̀ bá mú ìfura wá wò.

Ìlú Ayétẹ̀ ní Ìbàràpá ni wọ́n ti kọ́kọ́ dán an wò. Nínú èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1982, ènìyàn 903 ni wọ́n yẹ̀ wò, wárápá sì wà lára 37 nínú ẹgbẹ̀rún kan. Iye yìí ga púpọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n lọ sí Igbó-Ọrà, ní Ìbàràpá kan náà, tí ó jìnnà sí Ayétẹ̀ ní nǹkan bí ogún kìlómítà péré. Níbẹ̀, wọ́n ka ènìyàn 18,954, wọ́n rí 101 tí wárápá ṣì ń bá jà: 5.3 nínú ẹgbẹ̀rún kan. Èsì yìí jáde ní ọdún 1987.

Ẹ̀yà kan náà, oúnjẹ kan náà, ojú ọjọ́ kan náà. Kí ló dé tí ọ̀kan fi jẹ́ ìlọ́po méje èkejì? Ó tọ́ kí a sọ pé ènìyàn 903 kéré, bí ìdílé mélòó kan bá sì ní àrùn náà, iye lè yí padà gidigidi. Ṣùgbọ́n àlàyé tí Ọ̀ṣúntòkun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fúnra wọn gbé kalẹ̀ ni pé Igbó-Ọrà ni ibùdó ètò ìlera Ìbàràpá tí Yunifásítì Ìbàdàn dá sílẹ̀ ní ọdún 1963. Fún nǹkan bí ogún ọdún, àwọn aláboyún ibẹ̀ ti ń rí agbẹ̀bí tí ó kọ́ṣẹ́, àwọn ọmọ ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, ibà ọmọdé sì ń rí oògùn kí ó tó di gìrì. Ìyẹn ni pé ohun tí ó dín wárápá kù kì í ṣe oògùn wárápá, bí kò ṣe ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tí ó ń ṣiṣẹ́.

Ìwádìí tuntun kan ti ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn. Ní ọdún 2021, ẹgbẹ́ olùṣèwádìí kan tí M. M. Watila ṣe aṣáájú rẹ̀ tẹ èsì kan jáde lórí ènìyàn tí ó lé ní 42,000 ní ibi mẹ́ta ní Nàìjíríà. Ní Ìjẹ̀bú-Jèṣà, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, 3.3 nínú ẹgbẹ̀rún ni wọ́n rí. Ní Afikpo ní Ìpínlẹ̀ Ebonyi, 4.8, ní Gwandu, ní Ìpínlẹ̀ Kebbi, 17.7. Lára àwọn ohun tí wọ́n rí pé ó bá wárápá rìn ni gìrì ìgbà èwe, àrùn lọ́rùnlọ́rùn, ìbímọ tí kò ní ìtọ́jú tó péye, èéyi àti ìgbẹ́ yíyà sí gbangba. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ohun tí a lè dènà.

Aro, Ọ̀fàdà àti Ìpínlẹ̀ Ògùn

Ọ̀fàdà, ìlú tí a mọ̀ mọ́ ìrẹsì rẹ̀, wà ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé, kò sì jìnnà sí Mowe àti Ibafo ní ojú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Ẹni tí ó bá ń wá oníṣègùn ọpọlọ láti agbègbè yìí níláti wọkọ̀ lọ sí Abẹ́òkúta, sí ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ ní Ṣàgámù, tàbí sí Èkó. Fún àgbẹ̀ tàbí alájàpá, owó ọkọ̀ àti ọjọ́ iṣẹ́ kan tí ó sọnù lóṣooṣù lè pọ̀ ju owó oògùn lọ.

Ilé ìwòsàn Aro ní Abẹ́òkúta, tí Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, sọ di olókìkí ní àwọn ọdún 1950 nípa jíjẹ́ kí àwọn aláìsàn máa gbé pẹ̀lú mọ̀lẹ́bí wọn ní àwọn abúlé tí ó yí i ká, ni ó gbìyànjú láti wá ojútùú sí èyí. Ní ọdún 2011, Aro bẹ̀rẹ̀ ètò kan pẹ̀lú Ìpínlẹ̀ Ògùn, nínú èyí tí wọ́n ti kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ ìlera ní àwọn ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé bí a ti ń mọ àwọn àrùn ọpọlọ mélòó kan àti bí a ti ń tọ́jú wọn. Ìwé ìtọ́sọ́nà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2010 ni wọ́n lò. Wárápá wà lára àwọn àrùn náà, ó sì jẹ́ ọ̀kan nínú èyí tí ó kó ènìyàn wá jùlọ. Ètò náà kò retí kí nọ́ọ̀sì di dókítà: ó níláti mọ àwọn ìbéèrè tí yóò bi ẹni tí ó rí i nígbà tí ó ṣubú, kí ó bẹ̀rẹ̀ oògùn, kí ó sì mọ ìgbà tí yóò fi ìwé ránṣẹ́ sí Aro. Irú ètò yìí náà ni àwọn olùṣèwádìí ti dán wò fún àwọn ọmọdé ní Kano, Kaduna àti Zaria.

Oògùn

Ní ọdún 1912, Alfred Hauptmann ní Jámánì ṣàkíyèsí pé phenobarbital, tí wọ́n ń fún aláìsàn kí ó lè sùn, máa ń dá wárápá dúró. Ní ọdún 1938, Merritt àti Putnam fi phenytoin kún un ní Amẹ́ríkà. Carbamazepine àti valproate tẹ̀lé e. Oògùn mẹ́rin yìí ni a ṣì ń rí jùlọ ní Nàìjíríà.

Láti nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, oògùn tuntun ti pọ̀. Levetiracetam gba àṣẹ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1999, cenobamate ní 2019. Cannabidiol, tí wọ́n ń yọ lára igbó tí a ń pè ní marijuana, gba àṣẹ ní 2018, fenfluramine sì tẹ̀lé e ní 2020. Méjèèjì wà fún àwọn wárápá líle kan tí ó ń mú ọmọdé. Ọ̀kan nínú wọn ni èyí tí a ń pè ní Dravet, tí ó sábà máa ń wá láti inú àbùkù kan nínú jíìnì SCN1A. Mímọ jíìnì yìí ṣe pàtàkì, nítorí carbamazepine, tí ó dára fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, máa ń mú kí Dravet le sí i.

Ṣùgbọ́n tuntun kò túmọ̀ sí pé ó dára jù. Nínú ìwádìí ńlá kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2021, lamotrigine borí levetiracetam fún wárápá tí ó bẹ̀rẹ̀ láti apá kan ọpọlọ, valproate àtijọ́ sì borí rẹ̀ fún èyí tí ó kan gbogbo ọpọlọ. Ewu valproate ni pé ó lè ṣe ọlẹ̀ inú ní ìjàǹbá. Nítorí náà ni kò fi yẹ kí obìnrin tí ó lè lóyún máa lò ó láìjẹ́ pé òun àti dókítà ti jókòó sọ ọ́.

Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn aláìsàn ni oògùn kì í ká àrùn wọn. Fún àwọn kan nínú wọn, iṣẹ́ abẹ wà: nínú ìwádìí kan ní Kánádà ní ọdún 2001, ìdá 58 nínú 100 àwọn tí wọ́n ṣètò iṣẹ́ abẹ fún ni ìkọlù tí ń gba iyè mọ́ni lọ́wọ́ kò dé bá mọ́ lẹ́yìn ọdún kan, nígbà tí ó jẹ́ 8 péré láàárín àwọn tí ó gbára lé oògùn nìkan. Oúnjẹ tí ó kún fún ọ̀rá, tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ìrẹsì, gààrí tàbí iyán nínú, tún máa ń ran àwọn ọmọdé kan lọ́wọ́. Ó ṣòro láti rò bí ìyá kan ní Ọ̀fàdà yóò ṣe tẹ̀lé e.

Nígbà tí wárápá bá gbé ènìyàn

Ẹ gbé ohun tí ó lè ṣe é léṣe kúrò nítòsí rẹ̀, ẹ fi nǹkan rírọ̀ sí abẹ́ orí rẹ̀, ẹ sì yí i sí ẹ̀gbẹ́ kan kí itọ́ lè ṣàn jáde. Ẹ má ṣe ki ṣíbí tàbí ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Kò lè gbé ahọ́n rẹ̀ mì. Ẹ má ṣe dì í mú, ẹ má sì fún un ní ohunkóhun mu títí yóò fi jí dáadáa. Bí ó bá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, tàbí bí òmíràn bá tẹ̀lé e kí ó tó jí, ilé ìwòsàn ni ó kàn. Ẹni tí ó ń lo oògùn kò gbọdọ̀ dá a dúró lójijì nítorí pé ara rẹ̀ ti yá, nítorí ìyẹn gan-an lè mú irú ìkọlù tí kì í dáwọ́ dúró wá.

Ètò àgbáyé

Ní ọdún 2022, àwọn orílẹ̀-èdè tí ó wà nínú Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí ètò kan tí yóò dé ọdún 2031. Ó ń fẹ́ kí 90 nínú 100 àwọn tí ó ní wárápá mọ̀ pé àrùn tí a lè tọ́jú ni, kí 80 nínú 100 rí oògùn tí ó dára tí owó wọn ká, kí 70 nínú 100 àwọn tí ó ń lo oògùn sì bọ́ lọ́wọ́ ìkọlù dé ìwọ̀n tí ó tó. Phenobarbital, tí owó rẹ̀ kéré jùlọ, wà lára àwọn oògùn tí òfin àgbáyé ń ṣọ́ nítorí pé a lè ṣì í lò. Ìṣọ́ yìí ń mú kí ó ṣòro fún ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè láti kó o wọlé déédéé, bẹ́ẹ̀ òun ni oògùn tí ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé lè rà jùlọ.