'Ti' àti 'Have': Bí Gírámà Àtijọ́ Ṣe So Wọ́n Pọ̀

Ní ọdún 1843 ni a tẹ àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá tí Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ bíbí Òṣogùn, kọ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìwé gírámà rẹ̀ jáde ní 1852. Ní 1858, T. J. Bowen, míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, gbé tirẹ̀ náà kalẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ṣàlàyé, nítorí pé àlejò tí ó fẹ́ kọ́ Yorùbá ni wọ́n ń kọ̀wé fún. Kò sí ẹ̀bi níbẹ̀. Ṣùgbọ́n irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò lè ṣe kí ó má wá ẹnìkejì fún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan nínú Gẹ̀ẹ́sì. Báyìí ni 'ti' ṣe di ìkejì 'have'. Ohun tí a pèsè fún àlejò ni a wá fi ń kọ́ ọmọ onílé.

Ẹ jẹ́ kí a wo akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ìpáò-Èkìtì tí ìdánwò kù sí dẹ̀dẹ̀ fún. Bí ó bá sọ nípa àbúrò rẹ̀ pé 'Ó ti sùn', ìyá rẹ̀ mọ̀ pé ọmọ náà ṣì wà lórí ẹní. Bí ó bá kọ ọ́ ní 'He has slept', Òyìnbó yóò rò pé ọmọ ti sùn tán, ó ti jí. 'He is asleep' ni ó yẹ. Yorùbá gba 'Mo ti rí i lánàá'. Gẹ̀ẹ́sì kò gba 'I have seen him yesterday', àfi 'I saw him'. Máàkì tí èyí ti gbà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kò kéré.

Ẹ tún wò ó: 'Kí òjò tó dé, àgbẹ̀ ti wọlé', 'Kí ẹ tó dé lọ́la, a ó ti jẹun'. Gẹ̀ẹ́sì yóò lo 'had' fún ti àkọ́kọ́, 'will have' fún èkejì. 'Ti' kò yí padà.

Ayọ̀ Bámgbóṣé ní 1966 àti Ọládélé Awóbùlúyì ní 1978 gbé gírámà Yorùbá ka orí ìlò Yorùbá fúnra rẹ̀, bí wọn kò tilẹ̀ fẹnu kò lórí ohun gbogbo. Lónìí, ibá-ìṣẹ̀lẹ̀ aṣetán ni ìwé kíláàsì ń pe iṣẹ́ 'ti', kì í ṣe àsìkò. Orúkọ náà dára, àmọ́ kí olùkọ́ ṣọ́ra: nínú 'Ó ti sùn', wíwọnú oorun ni ó ṣetán, oorun gan-an kò ì tí ì tán.