Ọ̀rọ̀ Kan Tí Kò Sí Nínú Òfin: Ìbò Àwọn Ìyá Wa ní Agbègbè Ọ̀fà, 1959 sí 1979

Àwọn àgbà ní, bí ọmọdé kò bá ìtàn, yóò bá àróbá, àróbá sì ni baba ìtàn. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí kò tíì di àróbá, nítorí pé àwọn ìyá àgbà tó ṣojú wọn ṣì wà láàyè láàárín wa ní Ojoku àti Ọ̀fà. Ó dá lórí ìbéèrè kan ṣoṣo: nígbà tí Nàìjíríà fẹ́ gba òmìnira, ta ni òfin gbà láyè láti yan ẹni tí yóò ṣe ìjọba?

Ní ọjọ́ kejìlá, oṣù Kejìlá, ọdún 1959, wọ́n dìbò káàkiri Nàìjíríà láti yan àwọn aṣòfin tí yóò gba ìjọba lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ní Òkukù àti Ìkìrun, obìnrin tó ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógún, tó sì ti forúkọ sílẹ̀, lè tò sórí ìlà kí ó sì dìbò bíi ti ọkọ rẹ̀. Ní Ojoku àti Ọ̀fà, kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni èdè kan náà là ń sọ, ojú irin kan náà ló sì gba Ìkìrun àti Òkukù wọ Ọ̀fà. Ohun tó yà wọ́n ni ààlà tí ìjọba fà. Òkukù bọ́ sí Ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn. Àwa bọ́ sí Ẹkùn Àríwá, lábẹ́ Ìlọrin. Òfin ìdìbò Àríwá sì sọ pé ọkùnrin nìkan ni kó dìbò.

Ohun kan wà nínú ọ̀rọ̀ yìí tó yà mí lẹ́nu jù. Àyè 312 ló wà nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin nígbà náà, Àríwá nìkan sì ní 174 nínú rẹ̀. Iye ènìyàn ni wọ́n fi pín àwọn àyè wọ̀nyí, gẹ́gẹ́ bí ìkànìyàn ọdún 1952 sí 1953 ti fi hàn. Wọ́n ka àwọn obìnrin mọ́ àwọn ènìyàn náà. Èyí ni pé orí àwọn ìyá wa wà lára ohun tó sọ Àríwá di ńlá ní ilé aṣòfin, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn kò gbọdọ̀ kan àpótí ìbò. Wọ́n kà wọ́n mọ́ ènìyàn, wọn kò kà wọ́n mọ́ olùdìbò.

Kí ló fà á? Sardauna Ahmadu Bello, tó jẹ́ olórí ìjọba Àríwá, ṣàlàyé nínú ìwé tó kọ nípa ìgbésí ayé ara rẹ̀ ní 1962 pé ìbò obìnrin lòdì sí àṣà àti èrò ọ̀pọ̀ ọkùnrin ẹkùn náà, pé òun kò ní fẹ́ jẹ́ ẹni tí yóò mú un wọlé. Ó yẹ kí a gbọ́ tẹnu rẹ̀ yé. Olórí kì í fẹ́ fi ipá yí àṣà àwọn ènìyàn rẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n a tún gbọ́dọ̀ béèrè pé àṣà ta ni? Ní ilẹ̀ Yorùbá, Ìyálóde ń bá àwọn ìjòyè jókòó, Ìyálọ́jà ló sì ń parí aáwọ̀ ọjà. Ọ̀fà gan-an ń fi Mọremí yangàn gẹ́gẹ́ bí ọmọ rẹ̀. Bí ẹnì kan bá sì ní ẹ̀sìn ló fà á, ẹ jẹ́ ká rántí pé àwọn obìnrin Mùsùlùmí ní Ìbàdàn àti Èkó dìbò ní 1959, orílẹ̀-èdè Íjíbítì sì ti fún àwọn obìnrin rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ yìí láti 1956.

Àwọn ènìyàn kò dákẹ́. Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, ẹni tó kó àwọn obìnrin Abẹ́òkúta jọ láti kọ owó orí, jà fún ìbò obìnrin. Ní Àríwá, Hajia Gambo Sawaba jà fún un tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi jù ú sẹ́wọ̀n lọ́pọ̀ ìgbà. Ní agbègbè tiwa, ẹgbẹ́ Ìlọrin Tálákà Parapọ̀ àti àwọn Ọlọ́pẹ bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé kí wọ́n dá wa padà sí Ìwọ̀ Oòrùn. Ká ní wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ ni, àwọn ìyá wa ì bá ti dìbò.

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé Ìgbìmọ̀ Willink dìde láti gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn àwọn tí wọ́n kéré níye ní ẹkùn kọ̀ọ̀kan. Ní 1958, ìgbìmọ̀ náà jábọ̀. Wọn kò dámọ̀ràn pé kí a yí ààlà padà. Ohun tí wọ́n dámọ̀ràn ni pé kí a kọ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn sínú ìwé òfin, kí ó lè dáàbò bo gbogbo ènìyàn níbikíbi tí wọ́n bá wà.

Ìmọ̀ràn tó dára ni, wọ́n sì tẹ̀ lé e. Ìwé òfin ọdún 1960 sọ pé a kò gbọdọ̀ fi ẹ̀tọ́ du ọmọ Nàìjíríà nítorí àwùjọ rẹ̀, ẹ̀yà rẹ̀, ibi tó ti wá, ẹ̀sìn rẹ̀ tàbí èrò rẹ̀ nípa òṣèlú. Ẹ tún un kà dáadáa. Kò sí ibi tó ti sọ pé a kò gbọdọ̀ fi ẹ̀tọ́ dù ú nítorí pé ó jẹ́ obìnrin. Ìwé òfin ọdún 1963 náà kò fi í kún un. Bí obìnrin ará Ojoku bá fẹ́ gba ilé ẹjọ́ lọ ní 1961, tó ní nítorí pé òun jẹ́ obìnrin ni wọ́n fi dí òun lọ́nà, kò sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tí yóò dì mú. Ààlà kò gbà á, ìwé ẹ̀tọ́ náà kò sì rántí rẹ̀.

Ìbò ọdún 1964 kọjá bẹ́ẹ̀. Àwọn ológun gba ìjọba ní 1966, wọ́n sì dá ìpínlẹ̀ tiwa sílẹ̀ ní 1967. Ní 1976 ni obìnrin Àríwá tó gba ẹ̀tọ́ ìdìbò. Ìbò gbogbogbòò àkọ́kọ́ tí wọ́n bá gbogbo orílẹ̀-èdè dì ni ti 1979. Ìwé òfin tuntun ti ọdún yẹn fi ọ̀rọ̀ tó sọnù náà sí àyè rẹ̀: jíjẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin kò gbọdọ̀ fi ẹ̀tọ́ du ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹni tó pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ní 1959 ti di ẹni ọdún mọ́kànlélógójì. Ọmọ rẹ̀ tó ti pé méjìdínlógún lè tò sẹ́yìn rẹ̀ lórí ìlà, kí ìyá àtọmọ jọ dìbò fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ kan náà.

Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan ni irú èyí ti ṣẹlẹ̀. Ọdún 1971 ni obìnrin ní Switzerland tó lè dìbò yan ìjọba àpapọ̀. Ní Appenzell Innerrhoden, ẹkùn kan níbẹ̀, àwọn ọkùnrin kọ̀ jálẹ̀ títí di 1990, tí ilé ẹjọ́ tó ga jù fi dájọ́ pé ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí ará ìlú nínú òfin wọn kan obìnrin pẹ̀lú.

Ṣé ọ̀rọ̀ ti wá parí ni? Abala 42 nínú ìwé òfin wa ti 1999 kò gba kí a fi ẹ̀tọ́ du obìnrin. Síbẹ̀, abala 26 nínú ìwé kan náà gbà kí ìyàwó tí ọmọkùnrin Nàìjíríà fẹ́ láti òkè òkun béèrè láti di ọmọ ilẹ̀ wa, ṣùgbọ́n kò fún ọkọ tí ọmọbìnrin Nàìjíríà fẹ́ ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta, 2022, wọ́n gbé àbá láti tún èyí ṣe àti láti ya àyè sọ́tọ̀ fún obìnrin wá sí ilé aṣòfin ní Àbújá. Àwọn aṣòfin kò fọwọ́ sí i.

Ohun tí ìtàn yìí kọ́ mi ni pé ẹ̀tọ́ tí a kò kọ sílẹ̀, ojú rere ni. Ẹni tó fi fúnni lè gbà á padà. Nítorí náà, kí àwa ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ka ìwé òfin ilẹ̀ wa, kí a wo ẹni tó kà kún un àti ẹni tó fi sílẹ̀. Kí a sì bi àwọn ìyá àgbà wa léèrè bí ó ti rí lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ dìbò, kí a kọ ọ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó lọ. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí. Ní ọdún méjì sí i, èmi náà yóò lè forúkọ sílẹ̀, kò sì ní sí ẹni tí yóò béèrè bóyá ọkùnrin ni mí tàbí obìnrin kó tó gbà mí láyè.