Ilé-Ìwé Fadá Tí Ọmọkùnrin Ń Ti Ilé Lọ

Ìjọ Àgùdà kò tètè dé Ìbàdàn. Láti 1851 ni David Hinderer ti ìjọ Áńgílíkà ti kọ́kọ́ wọ ìlú náà, tó sì wá fìdí iṣẹ́ rẹ̀ múlẹ̀ ní Kúdẹtì. Àwọn fadá ẹgbẹ́ SMA, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ìlú Lyon nílẹ̀ Faransé ní 1856, kò dé títí ọ̀rúndún 19 fi ń lọ sópin. Òkè tí wọ́n tẹ̀ dó sí ni aráàlú ń pè ní Òkè Pádì títí dòní. Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ọwọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n nà sí aráàlú, nítorí òbí tí kò ní í gbọ́ ìwàásù yóò gbọ́ pé wọ́n ń kọ́ ọmọ níwèé.

Nígbà tí reluwé dé Ìbàdàn ní 1901, ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í gbòòrò kọjá odi àtijọ́. Dùgbẹ̀ di ọjà ńlá, Òkè-Bọ́lá àti Òkè-Àdó sì di ibùgbé àwọn àlejò: Ìjẹ̀bú oníṣòwò, akọ̀wé ìjọba, tíṣà àti oníṣẹ́ reluwé. Àdúgbò tí àwọn ènìyàn ti ń fi ìwé jẹun ni, wọn kò sì fẹ́ kí ọmọ wọn ṣe aláìmọ̀wé. Ní 1932, ilé-ẹ̀kọ́ St. Theresa's College bẹ̀rẹ̀, Òkè-Àdó sì ni gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n mọ́. Ọwọ́ àwọn sísítà ló wà, ti ọmọbìnrin sì ni. Ní 1938, T. L. Oyèṣínà dá Ibadan Boys' High School sílẹ̀ ní Òkè-Bọ́lá, àmọ́ èyí kì í ṣe ti ìjọ kankan. Ọmọkùnrin Àgùdà ní Òkè-Àdó lè fẹsẹ̀ rìn dé ilé-ìwé Oyèṣínà. Ọ̀dọ̀ fadá ní ìlú ara rẹ̀ ńkọ́? Ó di 1954 kí Loyola College tó bẹ̀rẹ̀, ní ọ̀nà Ifẹ̀ àtijọ́, ní ìhà kejì ìlú pátápátá.

Jíjìnnà yẹn kò ni àwọn fadá lára, nítorí bọ́dìn ni wọ́n fọkàn sí. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ míṣọ́nnárì ti gbà pé ọmọ tó bá ń sùn lábẹ́ òrùlé ìjọ ni ìjọ lè mọ bó ṣe fẹ́. Agogo ni yóò jí i, Míísà ni yóò fi bẹ̀rẹ̀ ọjọ́, abẹ́ ojú ọ̀gá ni yóò ti kàwé lálẹ́. Àǹfààní wà níbẹ̀, kò ṣeé sẹ́, pàápàá fún ọmọ tó ti abúlé wá. Ṣùgbọ́n owó bọ́dìn wúwo lọ́rùn òbí. Ìyá tó ń ta aṣọ ní ọjà Gbági lè rí owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ kan san, kí owó oúnjẹ àti ibùsùn sì dá a dúró.

Àsìkò náà gan-an ni ìyípadà ńlá dé. Ní 17 oṣù kìíní 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́. Iye ọmọ tó wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ jẹ́ 456,600 ní 1954. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ó ti di 811,432. Àwọn ọmọ wọ̀nyí yóò parí ìwé mẹ́fà, wọn yóò sì máa wá ilé-ìwé girama. Bọ́dìn wo ló lè gbà wọ́n? Ìlú ńlá ni ìbéèrè yìí ti kọ́kọ́ le, ọ̀kan nínú ìdáhùn tó dára jù lọ sì wá láti Èkó.

Ní Èkó, ìtàn Àgùdà ti pẹ́ ju ti Ìbàdàn lọ. Àwọn tó ti oko ẹrú Brazil padà ti ń gbàdúrà níbẹ̀ kí fadá kankan tó wá jókòó tì wọ́n. Káfíńtà àti bíríkìlà ni púpọ̀ nínú wọn, iṣẹ́ ọwọ́ wọn sì hàn lára àwọn ilé àtijọ́ Èkó. Ní 1928 ni ìjọ dá St. Gregory's College sílẹ̀ ní Ọbáléńdé. Fadá kan ará Ireland, Denis Slattery, ti ṣiṣẹ́ tíṣà níbẹ̀. Ọmọ ìlú Fermoy ní agbègbè Cork ni, wọ́n bí i ní 1916, ó sì dé Nàìjíríà ní 1941. Ó ṣe olóòtú ìwé ìròyìn Catholic Herald, ó tún jẹ́ rẹfirí bọ́ọ̀lù tí gbogbo Èkó mọ̀.

Slattery bẹ̀rẹ̀ St. Finbarr's College ní oṣù kìíní 1956, nínú ọgbà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Paul's ní Apapa Road, Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tà. Orúkọ ẹni mímọ́ tó jẹ́ alábòójútó Cork, agbègbè tirẹ̀, ló fún un. Kò sí ibi tó bá irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ mu ju Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tà lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ reluwé ló kún àdúgbò náà, baba tó ń tún ẹ̀ńjìnnì ṣe lọ́sàn-án sì mọyì ọmọ tó mọ ìwé tó sì mọ irin. Ìdí nìyẹn tí Slattery fi pa ẹ̀kọ́ girama àti ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ pọ̀ sábẹ́ òrùlé kan. Ọmọ tó ń ka ìtàn àti ìṣirò yóò tún ṣe iṣẹ́ igi àti iṣẹ́ irin. Nígbà tí ọ̀pọ̀ òbí ṣì gbà pé ẹni tí kò mọ̀wé ló ń kọ́ṣẹ́, ìgboyà ni èyí gbà.

Púpọ̀ jù lọ nínú àwọn ọmọ náà ló ń ti ilé wá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ilé-ìwé ṣí lọ sí Akọ́kà, nítòsí ibi tí Yunifásítì Èkó wà, wọ́n sì ń wá síbẹ̀ láti Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tà, Yábàá àti Ṣómólú, ẹlòmíràn nínú bọ́ọ̀sì, ẹlòmíràn ní ẹsẹ̀. Ìwà àti òfin ilé-ìwé yìí kò ṣeé lóye bí ènìyàn bá gbàgbé pé àlọ àti àbọ̀ ni. Ilé ló ni alẹ́ ọmọ, ìgboro ló ni ọ̀nà. Ìwọ̀nba wákàtí òwúrọ̀ sí ọ̀sán ni ilé-ìwé ní. Slattery kò fi ọ̀kankan ṣòfò nínú rẹ̀. Olè jíjà, igbó mímu àti jíjí ìwé wò nínú ìdánwò jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n fi ń lé ọmọ lọ láìsí ẹ̀bẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni fífi ọgbà sílẹ̀ nígbà tí ilé-ìwé kò tíì parí. Ní bọ́dìn, èyí tó kẹ́yìn yìí lè dà bí ẹ̀ṣẹ̀ kékeré. Ní ilé-ìwé àárín ìlú tí ọjà àti gáréèjì yí ká, òun gan-an ni òpó tó gbé ilé dúró.

Bọ́ọ̀lù ni apá kejì. Ọmọ tó bá ń lọ sílé ní agogo méjì lè ṣèèṣì rò pé ilé-ìwé kò ju kíláàsì lọ. Pápá ló ń dá a dúró títí di ìrọ̀lẹ́. St. Finbarr's di ọ̀kan nínú àwọn tí ẹ̀rù wọn ń ba àwọn yòókù jù nínú ìdíje Principals' Cup ní Èkó, ọjọ́ tí wọ́n bá sì kojú St. Gregory's tàbí CMS Grammar School, ariwo a gba ìlú. Henry Nwosu, tó wà nínú ikọ̀ tó gba ife ilẹ̀ Áfíríkà ní Sùúrùlérè ní 1980 nígbà tí kò tíì pé ọmọ ogún ọdún, ti ibẹ̀ jáde. Stephen Keshi náà ti ibẹ̀ jáde. St. Paul's ní Apapa Road ló ti ṣe alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó sì wọ St. Finbarr's ní 1976. Òun ni ọ̀gá agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà nígbà tí wọ́n gba ife Áfíríkà ní 1994, òun náà ló kọ́ ikọ̀ tó tún gbà á ní 2013.

Ẹ̀sìn ńkọ́? Katikísímù wà nínú ẹ̀kọ́ ní irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀, àdúrà Áńjẹ́lù sì wà ní ọ̀sán gangan. Síbẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá, níbi tí Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì ti ń jẹ nínú abọ́ kan, ilé-ìwé Àgùdà kò fi ìgbà kan jẹ́ ti Àgùdà nìkan. Mùsùlùmí ni Lam Adéṣínà, tó ṣe gómìnà ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ láti 1999 sí 2003. Loyola College ló lọ.  Richard Finn, bíṣọ́ọ̀bù Àgùdà àkọ́kọ́ fún Ìbàdàn, wà lórí àga títí di 1974, àsìkò tí irú ilé-ìwé wọ̀nyí ṣì wà lọ́wọ́ ìjọ.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí wọ́n bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Láàárín àwọn ọdún 1970 ni ìjọba gba ilé-ìwé lọ́wọ́ àwọn ìjọ. Orúkọ ẹni mímọ́ kò kúrò lára pátákó, ṣùgbọ́n ìjọba ló ń yan ọ̀gá, ìjọba ló ń gbé tíṣà kiri. Ní 1979, gómìnà Bọ́lá Ìgè ní Ọ̀yọ́ àti gómìnà Lateef Jákàǹdè ní Èkó sọ ẹ̀kọ́ girama di ọ̀fẹ́. Ọmọ tálákà tí kò bá dé ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé wọlé, oore ńlá sì ni. Àmọ́ iye ọmọ ṣáájú iye tíṣà, bọ́dìn sì ń parẹ́ ní ibi púpọ̀. Báyìí ni títi ilé lọ sí ilé-ìwé ṣe di ti gbogbo ayé, láìsí ìmúra tí Slattery fi gbé tirẹ̀ kalẹ̀: kíláàsì kún àkúnya, ìrọ̀lẹ́ ọmọ sì bọ́ sọ́wọ́ ìgboro.

Ní 2001, ìjọba Bọ́lá Tinúbú dá ilé-ìwé púpọ̀ padà fún àwọn ìjọ ní Èkó, St. Finbarr's àti St. Gregory's sì wà nínú wọn. Slattery rí i kó tó kú ní 2003. Owó ilé-ẹ̀kọ́ padà dé pẹ̀lú wọn, èyí sì ti yí irú ilé tí ọmọ ń ti wá padà. Ní Ọ̀yọ́, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìjọba Abíọ́lá Ajímọ̀bí gbìyànjú ní 2016 láti fa àwọn ilé-ìwé kan lé àwọn onílé àtijọ́ àti aládàáni lọ́wọ́, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kọ̀ jálẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ sì tú síta ní Ìbàdàn. Ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù ni pé owó yóò tún ti ọmọ wọn sẹ́yìn ilẹ̀kùn, gẹ́gẹ́ bó ti rí kí 1979 tó dé.