Sir Kitoyi Ajasa àti Ọ̀nà Pẹ̀lẹ́



Àwa tí a ń gbé etí òkun Àgbádárìgì kò lè gbàgbé pé ní èbúté wa yìí ni púpọ̀ nínú àwọn tí a ti kó lẹ́rú rí ti tún fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ baba wọn, nígbà tí wọ́n ti Sàró bọ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1845 ni Samuel Ajayi Crowther bá Townsend àti Gollmer gúnlẹ̀ síhìn-ín, kí ó tó gòkè lọ sí Abẹ́òkúta ní 1846. Ìtàn wọnnì ni a máa ń sọ ní ọjọ́ àjọ̀dún. Ní alẹ́ òní, ìtàn àwọn ọmọ irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ ni mo mú wá. Kí ni àwọn tí a bí sí ilé àwọn tí ó padà bọ̀ fi ìwé tí wọ́n kọ́ ṣe?

Méjì nínú wọn jẹ́ orúkọ kan náà, wọ́n sì jẹ́ ẹgbẹ́ ara wọn, ṣùgbọ́n ọ̀nà wọn kò pàdé. Èkíní ni Herbert Macaulay, ọmọ-ọmọ Crowther, tí a bí ní Èkó ní 1864. Tọmọdé tàgbà ni ó mọ̀ ọ́n. Èkejì ni Edmund Macaulay, tí a bí ní Èkó bákan náà ní 1866, tí ìran rẹ̀ ti ilẹ̀ Dàhómì wá, ilẹ̀ tí ó bá tiwa pààlà. Òun ni ó di Sir Kitoyi Ajasa. Díẹ̀ ni ó rántí rẹ̀ mọ́, púpọ̀ nínú àwọn tí ó sì rántí rẹ̀ kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní rere. Àwọn baba wa sì wí pé, agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a tún ẹjọ́ ọkùnrin yìí gbọ́.

Ìlú Ọba ni ó ti kàwé. Ó lọ sí Dulwich College ní Lọ́ńdọ̀nù, ó kọ́ òfin ní Inner Temple, a sì gbà á wọ ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò ní 1893. Nǹkan kan wà níhìn-ín tí ó yẹ kí a ṣàkíyèsí. Ó kọ orúkọ Edmund Macaulay sílẹ̀, ó sì ń jẹ́ Kitoyi Ajasa. Ọmọ-ọmọ Crowther di orúkọ òyìnbó rẹ̀ mú títí ó fi kú, síbẹ̀ òun ni ó jà fún Ìgà Ìdúngànràn àti fún ilẹ̀ àwọn ìdílé Èkó. Ẹni tí ó bọ́ orúkọ òyìnbó sílẹ̀ ni ó gbàgbọ́ pé adúláwọ̀ kò lè tẹ̀ síwájú àfi bí ó bá gba ẹ̀kọ́, òfin àti ìṣe àwọn aláwọ̀ funfun. Ẹ má ṣe jẹ́ kí a máa fi orúkọ tàbí aṣọ díwọ̀n ọkàn ènìyàn.

Kí ni ó wà lọ́kàn rẹ̀? Mo rò pé òwe kan tí gbogbo wa mọ̀ ni ó gbé e ró: ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Ó wo agbára ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ó sì rí i pé kì í ṣe ohun tí ariwo yóò wó lulẹ̀. Lójú tirẹ̀, ẹni tí ó bá ń pariwo lóde, ìlẹ̀kùn ni a ó tì mọ́ ọn. Ẹni tí ó bá wọlé jẹ́jẹ́ ni yóò rí ibi sọ̀rọ̀. Ìjọba pàápàá rí i bẹ́ẹ̀, wọ́n sì yàn án sí Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní àwọn ọdún tí ó ṣáájú ogun ńlá ti 1914. Lẹ́yìn tí a so Àríwá àti Gúúsù pọ̀ ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 1914, Gómìnà Lugard, ẹni tí ó jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, dá Ìgbìmọ̀ Nàìjíríà sílẹ̀, Ajasa sì wà nínú àwọn adúláwọ̀ díẹ̀ tí a fi síbẹ̀. Ìgbìmọ̀ náà kò lè ṣe òfin kankan. Ìmọ̀ràn nìkan ni ó ń fúnni, ó sì wà lọ́wọ́ Gómìnà bí yóò gbà á tàbí kí ó kọ̀ ọ́.

Ní ọdún 1914 yìí kan náà ni ó dá ìwé ìròyìn tirẹ̀ sílẹ̀, tí ó pè ní Nigerian Pioneer. Ó ní iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ṣe ògbufọ̀ ìjọba fún àwọn ènìyàn, kí ó sì ṣe ògbufọ̀ àwọn ènìyàn fún ìjọba. Iṣẹ́ rere ni iṣẹ́ ògbufọ̀. Àwa tí baba wa gba Ìhìnrere lẹ́nu ògbufọ̀ kò gbọdọ̀ kẹ́gàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ògbufọ̀ tòótọ́ a máa sọ ti ìhà méjèèjì bákan náà. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ẹnìkan ṣoṣo ni ó ń dé etí wa, a ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wa pé ta ni ó rán an.

Ọ̀ràn omi Èkó ni ó kọ́kọ́ dán ọ̀nà yìí wò. Ní 1908 ìjọba pinnu láti fa omi ẹ̀rọ wọ ìlú, kí àwọn ará ìlú sì máa san owó rẹ̀. Ìlú kọ̀. Wọ́n ní kànga àwọn tó àwọn, àwọn òyìnbó ni ó ń fẹ́ omi náà. Dókítà John Randle àti Dókítà Orisadipe Obasa dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, People's Union, láti tako owó náà, Ajasa sì di ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ yìí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọdún ń gorí ọdún, tí omi sì ti Ijú dé, àwọn aṣáájú ti rọ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ gba owó náà ní 1916, tí ọkàn ìlú gbóná, ìhà ìjọba ni Ajasa àti ìwé ìròyìn rẹ̀ wà.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe òtítọ́. Ní ti omi, Ajasa ni ó jàre. Kò sí ìyá kan nínú wa tí yóò fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ padà sí omi kànga Èkó ti ìgbà náà. Ṣùgbọ́n ohun méjì ni ó wà nínú ọ̀ràn yìí. Ọ̀kan ni bóyá omi náà dára. Èkejì ni bóyá a bi ẹni tí yóò san owó rẹ̀. Ajasa rí ti èkíní kedere, kò sì ka ti èkejì sí. Èyí ni mo rò pé ó jẹ́ gbòǹgbò gbogbo ìtàn rẹ̀.

Kì í ṣe pé ẹni tí ìjọba yàn kò lè sọ̀rọ̀ fún ìlú. Christopher Sapara Williams, adúláwọ̀ àkọ́kọ́ nínú wa tí ó di agbẹjọ́rò, jókòó nínú ìgbìmọ̀ kan náà, ìjọba ni ó sì yan òun náà. Síbẹ̀, ní 1909, nígbà tí ìjọba mú òfin wá láti pa ẹnu àwọn ìwé ìròyìn mọ́, ó dìde ní gbangba, ó sì takò ó. Òfin náà kọjá, ṣùgbọ́n ìlú gbọ́ ohùn rẹ̀.

Ọ̀ràn Eleko tún le ju ti omi lọ. Ní 1920 ìjọba kọ̀ láti ka Ọba Eshugbayi sí ọba mọ́. Ní 1925 wọ́n yọ ọ́ lóyè, wọ́n sì lé e lọ sí Ọ̀yọ́. Nígbà náà pẹ̀lú, Ajasa dúró ti ìjọba. Àwọn tí ó wà lẹ́yìn Eleko gbé ẹjọ́ náà títí dé Ìgbìmọ̀ Ọba ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn adájọ́ sì wí ní 1931 pé ilé ẹjọ́ gbọ́dọ̀ wádìí bóyá ìjọba ní agbára lábẹ́ òfin láti ṣe ohun tí ó ṣe. Ní ọdún náà ni Eleko padà sí Èkó. Ẹ wo bí ó ti rí: òfin Gẹ̀ẹ́sì tí Ajasa kọ́, tí ó sì fẹ́ràn, ni ó ṣí ọ̀nà fún Eleko, ṣùgbọ́n àwọn tí ó kọ̀ láti dákẹ́ ni ó mú un lò.

Nísinsin yìí, ọ̀ràn kàn wá ní Àgbádárìgì. Òfin 1922 dá Ìgbìmọ̀ Aṣòfin tuntun sílẹ̀, ẹni mẹ́rìndínláàádọ́ta ni ó wà níbẹ̀. Mẹ́rin péré ni a fi ìbò yàn, mẹ́ta láti Èkó, ọ̀kan láti Kàlàbá. Ọkùnrin tí owó rẹ̀ tó ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn lọ́dún nìkan ni ó lè dìbò. Ní oṣù kẹsàn-án 1923, ẹgbẹ́ Herbert Macaulay gba ipò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta Èkó. Ajasa wọ ìgbìmọ̀ náà nípa yíyàn ìjọba. Àgbádárìgì ńkọ́? Bí o tilẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn, bí baba rẹ tilẹ̀ wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ gba ìrìbọmi, o kò ní ìbò. A sọ̀rọ̀ fún wa, ṣùgbọ́n àwa kọ́ ni a rán ẹni tí ó sọ ọ́.

Ní 1928 Ọba Gẹ̀ẹ́sì fi Ajasa jẹ oyè Sir, òun sì ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó gba oyè náà. Ó kú ní 1937.

Àwọn kan yóò wí pé ó ta ìlú rẹ̀. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ rántí Ọbadáyà, ìríjú ilé Áhábù. Ó jẹ oúnjẹ ọba búburú, ṣùgbọ́n ó pa ọgọ́rùn-ún wòlíì mọ́ nínú ihò. Ẹni tí ó sún mọ́ ìtẹ́ lè gba ẹ̀mí là. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan dé tí Èlíjà wí fún un pé kí ó lọ sọ fún Áhábù pé Èlíjà wà níhìn-ín. Ẹ̀rù bà á, síbẹ̀ ó lọ. Ohun tí Ajasa sọ sí etí Gómìnà nínú iyàrá, Ọlọ́run ni ó mọ̀ ọ́n. Àwọn ènìyàn kò lè dúpẹ́ fún ohun tí wọn kò gbọ́, wọn kò sì lè tún un ṣe bí ó bá ṣì í sọ.

Kí n tó dá a lẹ́bi jù, ó yẹ kí n jẹ́wọ́ ti ara mi. Nígbà kan rí, èmi àti àwọn díẹ̀ jókòó, a bu owó kan lé ìjọ lórí fún iṣẹ́ tí ó dára lóòótọ́. Ìyá arúgbó kan bi mí lẹ́nu ọ̀nà pé, “Bàbá, ìgbà wo ni ẹ bi wá?” N kò rí èsì fọ̀. Iṣẹ́ náà parí, ó sì wúlò, ṣùgbọ́n ìbéèrè ìyá náà kò tíì kúrò lọ́kàn mi.

Ọmọ Ajasa ni ó fi ìtàn yìí parí dáradára. Oyinkan ni orúkọ rẹ̀, a bí i ní 1897. Òun ni ó di Lady Abayomi. Ó kó àwọn ọmọbìnrin tí ó kàwé jọ sínú ẹgbẹ́ kan, wọ́n sì ń wá ọ̀nà kí ìjọba lè dá ilé ẹ̀kọ́ gíga sílẹ̀ fún àwọn obìnrin. Ní 1927 a ṣí Queen's College ní Èkó, ó sì kọ́ni níbẹ̀. Ní 1944 ó dá Ẹgbẹ́ Òṣèlú Àwọn Obìnrin sílẹ̀, láti bèèrè ẹ̀tọ́ wọn ní ti ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́. Ọ̀nà pẹ̀lẹ́ ti baba rẹ̀ ni ó tọ̀: ìwé, ẹ̀bẹ̀, sùúrù. Ṣùgbọ́n kò dá nìkan rìn. Àwọn tí ó ń sọ̀rọ̀ fún wà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń gbọ́ ohun tí ó ń sọ. Ní 1950 ni àwọn obìnrin Èkó kọ́kọ́ dìbò.

Ẹ̀yin ará mi, púpọ̀ nínú yín ni a ó yàn sí ìgbìmọ̀ kan tàbí òmíràn, ní ìjọ, ní ìlú, ní ìjọba. Bí ẹ bá jẹ́ onísùúrù, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi yín ṣẹ̀sín. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ bá ti ìpàdé jáde, ẹ padà sọ́dọ̀ àwọn ènìyàn yín, kí ẹ sì sọ fún wọn ohun tí ẹ wí ní orúkọ wọn.