Iná tàbí uná: kọ̀ǹpútà, ìbátan èdè àti ọ̀rọ̀ Òkukù

Bí ẹ bá kúrò ní Òkukù tí ẹ dorí kọ ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ọ̀nà náà kò jìn, àmọ́ iná á di uná, imú á di umú. Irú ìyàtọ̀ yìí gan-an ni àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà wá ìbátan èdè ń kà. Láti sọ iná di uná, ìró kan nínú mẹ́ta ló yí. Ẹ̀rọ á ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, á ro ó pọ̀, á wá ya igi ẹbí èdè.

Iṣẹ́ náà ṣáájú kọ̀ǹpútà. Ní Freetown, Koelle, míṣọ́nnárì ará Jámánì, ń bi àwọn tí wọ́n gbà lọ́wọ́ oníṣòwò ẹrú pé kí ni wọ́n ń pe nǹkan nílé wọn. Ìwé rẹ̀, Polyglotta Africana, jáde ní 1854. Ìjẹ̀ṣà, Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú àti Yàgbà wà níbẹ̀, lábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo: Aku. Lẹ́yìn nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún, Swadesh ní Amẹ́ríkà ṣe àtòjọ ọ̀rọ̀ tí ó dín kù sí 100 nígbẹ̀yìn. Robert Armstrong ní Ìbàdàn sì fi irú rẹ̀ díwọ̀n ìgbà tí Yorùbá, Ìgalà àti Ìdọmà ti pínyà. Àwọn ASJP òde òní kò lò ju ọ̀rọ̀ 40 lọ.

Ohun tó dùn wá níbẹ̀ ni pé wọn kì í ka ohùn sí. Lójú ẹ̀rọ wọn, ọ̀nà àti ọnà ò yàtọ̀. Àwa tí wọ́n ń yọ máàkì lọ́wọ́ wa nítorí àmì kan ṣoṣo! Akínkúgbé, nínú iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1978, bá ìró àwọn ẹ̀ka-èdè Yorùbá, Ìtsẹkírì àti Ìgalà wí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn lọ́ra, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tó ń wá.

Òkukù tún fi ìṣòro mìíràn hàn. Ìtàn ìlú náà ní Kòòkin ni wọ́n ti wá, lẹ́yìn tí ogun Ìjẹ̀ṣà tú u. Nígbà ogun Ìlọrin, wọ́n sá lọ sí Ìkìrun, ẹ̀yìn ogun Jálumi, 1878, ni wọ́n tó padà. Ẹ̀ka igi tó bá ti pínyà kì í tún so pọ̀. Àwọn ará Òkukù pínyà, wọ́n sì tún bá àwọn mìíràn gbé pọ̀. Bí ọ̀rọ̀ Òkukù bá jọ ti Ìkìrun, ṣé ogún ni àbí ti ìgbà ìsáǹsá? Iye tó jọra kò lè dáhùn.

Ẹni tó bá ń wá àkòrí iṣẹ́ àṣekágbá nínú wa, ẹ gba ọ̀rọ̀ 40 náà sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà Òkukù, Ìkìrun àti Iníṣà. Ẹ fi àmì ohùn sí i, kí ẹ sì bi ẹnì kọ̀ọ̀kan pé agboolé wo ni ó ti wá, àti ibo ni agboolé náà ti ṣí wá.